Àgùàlà Kì í Ṣe Ajá Oṣù: Bí a Ṣe Ń Dá Pílánẹ́ẹ̀tì Mọ̀ Lójú Ọ̀run Alẹ́ ní Orozo

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún tẹrú tọmọ, tí a ṣe ní Orozo, Abuja, lọ́jọ́ Sátidé, 11 oṣù kẹrin, ọdún 2026)

   

Mo ti bẹ alága pé bí mo bá sọ̀rọ̀ kọjá aago mẹ́fà ààbọ̀, kí wọ́n gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi. Nǹkan bí aago méje ku ogún ìṣẹ́jú ni oòrùn yóò wọ̀ lónìí, mo sì fẹ́ ká ti wà níta kó tó wọ̀. Ẹni tó bá kọ́ ẹ̀kọ́ ojú ọ̀run nínú gbọ̀ngàn tí kò jáde síta, ó dà bí ẹni tó kọ́ odò wíwẹ̀ lórí ẹní.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtìjú tèmi. Ọdún tí mo kó dé Orozo, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ojú sí ọ̀run ni, ìwé kan tí mo kà ló kó sí mi lórí. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo rí iná pupa kan lókè, lápá ibi tí Kurudu wà sí ilé wa. Mo pe àwọn ọmọ jáde, mo ní, “Ẹ wò ó, Máàsì nìyẹn, pílánẹ́ẹ̀tì pupa.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ ọ́ sínú rẹ̀ lálaalẹ́: ó wà níbẹ̀, ó wà níbẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, baba onílé wa bá mi níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Wọ́n wo ibi tí mò ń wò, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, “Tíṣà, iná orí òpó fóònù nìyẹn.”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìwé ọwọ́ mi ti sọ fún mi tipẹ́, èmi ni mi ò gbọ́. Ohun tó bá wà lójú kan náà ní aago méje, tó tún wà níbẹ̀ ní aago mẹ́wàá, tí kò sún, tí kò wọ̀, kì í ṣe ará ọ̀run. Gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀run ló ń yọ, ló ń wọ̀, bí oòrùn ti ń ṣe. Ìràwọ̀ kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, tí wọ́n ń pè ní Polaris, ṣùgbọ́n apá àríwá nìkan ló ń gbé, nísàlẹ̀ pátápátá, kò sì pupa.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun náà ni mo gbé wá síbí. Ìṣe la fi ń dá pílánẹ́ẹ̀tì mọ̀, a kì í fi ojú dá a mọ̀. Ẹni tó wò ó lálẹ́ kan rí iná. Ẹni tó wò ó lálẹ́ mẹ́wàá ni yóò mọ ẹni tó ń jẹ́.

Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ìràwọ̀ yòókù? Ìràwọ̀, oòrùn ni. Iná tirẹ̀ ló ń jó. Pílánẹ́ẹ̀tì kò níná. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tiwa ló ń bà á tí a fi ń rí i, gẹ́gẹ́ bí dígí mọ́tò tó ń bọ̀ láti Karshi ṣe máa ń ta yín lójú lọ́sàn-án gangan. Ìràwọ̀ jìnnà débi pé bí ẹ bá wò wọ́n láti kékeré dàgbà, bí wọ́n ṣe tò síra wọn kò ní yí padà lójú yín. Pílánẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ ń rìn kọjá láàrin wọn, lónìí níwájú èyí, lóṣù tó ń bọ̀ lẹ́yìn tọ̀hún. Alárìnkiri ni àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ń pè é, inú ọ̀rọ̀ wọn yẹn ni orúkọ tí gbogbo ayé ń lò ti wá. Márùn-ún ni ojú lásán ń rí dáadáa: Mẹ́kúrì, Àgùàlà, Máàsì, Júpítà àti Sátọ̀n. Ẹ kíyè sí i pé ẹyọ kan nínú márààrún ló ní orúkọ Yorùbá lẹ́nu mi. Mo máa padà sórí ìyẹn.

Àmì tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé ìràwọ̀ ń ṣẹ́jú, pílánẹ́ẹ̀tì kì í ṣẹ́jú. Òótọ́ ni, ó sì nídìí. Ìràwọ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bí ojú abẹ́rẹ́. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè wa ń tì í síhìn-ín, ó ń tì í sọ́hùn-ún, kó tó dé ojú wa. Pílánẹ́ẹ̀tì sún mọ́ wa, ó sì fẹ̀ díẹ̀, bí ojú lásán ò tilẹ̀ rí fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ ronú kan onísúyà létí títì lálẹ́. Bí fìtílà kékeré kan bá wà lẹ́yìn èéfín rẹ̀, iná fìtílà náà á máa mì bí ẹni pé ó fẹ́ kú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ fèrèsé ilé tí iná wà nínú rẹ̀ ló wà lẹ́yìn èéfín kan náà, bí èéfín bá bo apá kan, apá kejì ṣì ń tàn, kò ní mì tó bẹ́ẹ̀. Fìtílà ni ìràwọ̀, fèrèsé ni pílánẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àmì yìí nìkan búra. Bí pílánẹ́ẹ̀tì bá ti sún mọ́ ilẹ̀, tó fẹ́ wọ̀, afẹ́fẹ́ tó nípọn níbẹ̀ ń mú òun náà ṣẹ́jú. Mo ti rí Àgùàlà tó ń ta pupa, tó ń ta àwọ̀ ewé, bí iná ọlọ́pàá.

Àmì tó lágbára ju ìyẹn lọ ni ojú ọ̀nà. Gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì, àti òṣùpá pẹ̀lú, ẹ̀bá ọ̀nà tí oòrùn ń gbà ni wọ́n ń gbà. Ní Orozo níbí, ọ̀nà yẹn ń gba òkè orí wa tàbí ìtòsí rẹ̀ kọjá, láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn, torí a kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì. Bí ẹ bá rí iná ńlá kan nísàlẹ̀ pátápátá lápá gúúsù, bó ti wù kó mọ́lẹ̀ tó, ìràwọ̀ ni. Ẹni tó ń wá pílánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ó ń wá mọ́tò Karshi ní páàkì Kubwa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú tòní. Iná ńlá mẹ́ta ni ẹ ó rí bí a bá jáde, méjì nínú wọn ni pílánẹ́ẹ̀tì, ìkẹta ń fara wé wọn.

Ẹ ó kọ́kọ́ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ní nǹkan bí aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ na apá yín tán síwájú, ẹ di ìkúùkù, ẹ gbé e lé ibi tí ọ̀run àti ilẹ̀ ti pàdé. Ẹ to ìkúùkù kejì lé e lórí. Níbi tí ìkúùkù kejì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sí ni iná funfun kan wà tí kò sí ìràwọ̀ kankan tó tó o. Àgùàlà nìyẹn. Kò nílò òkùnkùn, kò bẹ̀rù iná ìlú. Ẹni tó wà láàrin Wuse pàápàá á rí i bí ilé gíga kò bá dí i. Kó tó di aago mẹ́jọ ààbọ̀ yóò ti wọ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ gbé orí sókè. Ní òkè orí yín, tó kàn yà díẹ̀ sápá àríwá, iná kejì wà níbẹ̀, ó pọ́n díẹ̀ bí òrí tó dì, ó dúró jẹ́ẹ́. Júpítà ni. Ìràwọ̀ méjì wà nítòsí rẹ̀ tí wọ́n jọra, tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Castor àti Pollux ni wọ́n ń jẹ́. Ìbejì ni àwọn ará Gíríìsì kà wọ́n sí. Bó bá jẹ́ àwa la kọ́kọ́ sọ wọ́n lórúkọ ni, gbogbo ayé ni ì bá máa pè wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Ẹ ṣàmì ibi tí Júpítà wà sí wọn lálẹ́ òní. Títí di oṣù kẹfà, yóò ti kọjá lára wọn. Àwọn kò sún. Òun ló sún.

Ìkẹta wà ní nǹkan bí ìkúùkù mẹ́rin sápá gúúsù Júpítà. Òun ló ń tan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Sirius ni wọ́n ń pè é, òun ló mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo ìràwọ̀ alẹ́. Ìràwọ̀ mẹ́ta kan wà tí wọ́n tò gbọọrọ lórí ìlà kan. Ẹ tẹ̀ lé ìlà yẹn wá sápá òsì, yóò mú yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Sirius ń ta wáíwáí, ó ń ṣẹ́jú, kò sì kúrò láàrin àwọn aládùúgbò rẹ̀ rí. Ìmọ́lẹ̀ Júpítà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tirẹ̀ lálẹ́ òní, ti Àgùàlà sì tó ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé Sirius kéré. Ìmọ́lẹ̀ Júpítà tí a ó rí láìpẹ́, kò ju ogójì ìṣẹ́jú àti díẹ̀ tó ti gbéra lọ. Ti Sirius ti ń bọ̀ lọ́nà láti ọdún mẹ́jọ ó lé. Àwọn ọmọ tó wà níwájú mi yìí, ìmọ́lẹ̀ tó kúrò níbẹ̀ nígbà tí ẹ wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni yóò wọ̀ yín lójú lónìí.

Mo ní mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá. Ní ọdún 1894, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì kan, A. B. Ellis, tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn tó ń sọ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà nínú ìwé náà tí mi ò lè fi ọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìràwọ̀ ọkọ̀ ni àwọn baba wa ń pe Sirius, torí wọ́n gbà pé òun ló ń tọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi sọ́nà. Ó kọ ti Àgùàlà náà: pé ìràwọ̀ alẹ́ ni nígbà tó bá ń yọ nírọ̀lẹ́, pé bó bá sì wà nítòsí òṣùpá, ajá oṣù ni wọ́n ń pè é.

Ajá oṣù. Níbí ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn àgbà tí ẹ jókòó mọ òwe tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ju èmi lọ: Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni, Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ohun tí mo gbọ́ nínú òwe yìí ni ìwà ọmọlúàbí: pé ẹni tó ń bá olówó rìn kì í ṣe ẹrú olówó. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ohun mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ti wo ọ̀run. Kò wò ó lálẹ́ kan. Àwọn tó wò ó lálẹ́ kan ló ṣebí ajá ni. Ẹni tó padà wá wò ó lọ́la àti lọ́tùnla ló rí i pé oṣù ti lọ, Àgùàlà kò tẹ̀ lé e.

Ẹ lè dán òwe náà wò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì sí àsìkò yìí. Ọjọ́ 17 oṣù yìí ni òṣùpá yóò di tuntun. Lálẹ́ Sátidé, ọjọ́ 18, ẹ ó rí i tín-ínrín bí èékánná nísàlẹ̀ Àgùàlà. Lálẹ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ 19, yóò ti gun òkè kọjá rẹ̀ díẹ̀. Alẹ́ yẹn ni àwọn ènìyàn yóò máa ya fọ́tò, ìgbà yẹn ni ajá àti olówó rẹ̀ yóò jọ wà lójú kan. Lálẹ́ Mọ́ńdè, ìkúùkù méjì ti wà láàrin wọn. Lálẹ́ Túsìdeè, ó ti lé ní mẹ́ta. Ní alẹ́ Wẹ́sìdeè, ọjọ́ 22, òṣùpá kan náà yóò ti lọ jókòó ti Júpítà. Ẹ wá sọ fún mi, ta ni ajá ta? Oṣù ló ń ya ilé gbogbo ènìyàn bí alárinà, Àgùàlà wà nílé rẹ̀.

Ohun kejì tí àwọn baba wa rí ni pé Àgùàlà kì í jìnnà sí oòrùn. Ọ̀nà tó ń gbà yí oòrùn ká wà nínú tiwa, nítorí náà, láti ibi tí a wà, kò lè kúrò lẹ́bàá oòrùn ju ìkúùkù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ, ká kúkú pè é ní márùn-ún. Òfin tí ẹ lè mú relé nìyí: bí ẹnikẹ́ni bá fi iná kan hàn yín lóru ọ̀gànjọ́ tó ní Àgùàlà ni, kí ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kì í ṣe òun. Ó ń bẹ lẹ́yìn oòrùn nírọ̀lẹ́, tàbí kó ṣíwájú oòrùn ní ìdájí. Àwọn Hausa tó ń jí fún àsùbáà mọ èyí tó ń ṣíwájú. Gamzaki ni wọ́n ń pè é. Àgùàlà alẹ́ àti Gamzaki ìdájí, ẹnìkan náà ni. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún yìí, yóò gba àárín àwa àti oòrùn kọjá, kò ní pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí yóò máa yọ láàárọ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nípa rẹ̀ ni ọdún mẹ́jọ. Àgùàlà máa ń padà síbi tó wà lójú ọ̀run, ní àsìkò kan náà nínú ọdún, lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ibi tó wà lónìí náà ló wà ní oṣù kẹrin 2018. Ibẹ̀ ni yóò tún wà ní oṣù kẹrin 2034. Ìyá tó bá fi Àgùàlà han ọmọ rẹ̀ lálẹ́ òní lè fi ọjọ́ sí i.

Mo fẹ́ fún yín ní iṣẹ́ ilé. Láti Àgùàlà dé Júpítà lálẹ́ òní, bí ẹ bá fi ìkúùkù wọ̀n ọ́n, ẹ ó rí bíi mẹ́fà. Lọ́jọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìkúùkù kan yóò máa yọ kúrò níbẹ̀. Àgùàlà ń gòkè, Júpítà ń sọ̀ kalẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ 9 oṣù kẹfà, wọn yóò pàdé lápá ìwọ̀ oòrùn. Àlàfo tó máa kù láàrin wọn, ìka tó kéré jù lọ́wọ́ yín kan àti ààbọ̀ ni, bí ẹ bá na apá tán. Lẹ́yìn náà wọn yóò kọjá ara wọn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, bí mo ṣe kọ ti òpó fóònù. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó wà nínú ìwé yín yóò yí padà.

Mo ní ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn méjèèjì yìí náà pàdé, wọ́n sún mọ́ra ju ti ọdún yìí lọ. Fọ́tò wọn wọ fóònù mi láti Ìlọrin, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àmì òpin ayé ti yọ. Ẹni tó bá ti ń fi ìkúùkù wọ̀n ọ́n láti oṣù méjì ṣáájú ì bá ti sùn jẹ́jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bákan náà ni ti 21 oṣù kejìlá 2020, nígbà tí Júpítà àti Sátọ̀n sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ẹlòmíràn fi kà wọ́n sí ọ̀kan. Ogún ọdún, ogún ọdún ni wọ́n ń pàdé. Ó di ọdún 2040.

Ẹ óò bi mí pé, fóònù ńkọ́? Ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní Stellarium, àti àwọn mìíràn bíi tirẹ̀. Ẹ na fóònù sókè, ó sọ orúkọ iná tí ẹ ń wò. Èmi náà ní in. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fi mọ ibi tí ẹ kọjú sí ni kọ́ńpáàsì inú rẹ̀, irin sì ń tàn án jẹ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì irin ilé wa lọ́jọ́ kan, fóònù ní Sátọ̀n ni mò ń wò, ìràwọ̀ lásán ni. Ẹ kúrò lẹ́bàá irin àti mọ́tò kí ẹ tó bi í léèrè. Kẹ́ ẹ sì bi í lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ ohun tí ẹ rò, bí ọmọ tó ṣe ìṣirò tán kó tó wo ìdáhùn lẹ́yìn ìwé.

Àwọn ẹlẹ́tàn mìíràn tún wà. Ọkọ̀ òfuurufú tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe lè tan iná rẹ̀ sápá ọ̀dọ̀ wa, kó dà bíi pé ó dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ mú sùúrù, yóò yà, iná pupa àti àwọ̀ ewé yóò yọ lápá rẹ̀. Èyí tó bá ń rìn jẹ́ẹ́ láìṣẹ́jú, tó la ọ̀run kọjá láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan, tí kò sì dún, sátẹ́láìtì ni. Àwa náà ní lára wọn: NASRDA, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú, tó wà níbí ní Abuja, ló ni NigeriaSat-1 tí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní 27 oṣù kẹsàn-án 2003. Pílánẹ́ẹ̀tì kì í kánjú bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fojú rí i pé ó ń sún láàrin ìràwọ̀ lálẹ́ kan.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní awò olójú méjì nílé, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ẹyẹ tàbí bọ́ọ̀lù, kó gbé e wá. Kó fi ìgbápá lé ògiri kí awò má baà gbọ̀n, kó wá wo Júpítà. Yóò rí ojú kékeré kan tó yípo, yóò sì rí àmì tín-tìn-tín méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìlà kan. Òṣùpá Júpítà ni wọ́n. Galileo bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọn ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 1610, ó sì ń yà wọ́n sínú ìwé lálaalẹ́. Lọ́la, wọn kò ní tò bíi tòní. Mo ti fi èyí han ìyá àgbà kan rí tí kò wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láyé wọn. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n gbé awò kúrò lójú, wọ́n wo Júpítà lásán, wọ́n tún gbé awò padà. Wọ́n ní, “Ṣé ó ti ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ káàkiri bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí, tí a ò rí i?”

Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn yòókù, torí wọn ò sí lójú ọ̀run lálẹ́ yìí. Sátọ̀n àti Máàsì wà lápá ìlà oòrùn ní ìdájí, nísàlẹ̀, nítòsí oòrùn. Sátọ̀n yóò bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ tó bá di oṣù kẹwàá. Ní ọjọ́ 4 oṣù náà, bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ni òun yóò máa yọ. Kò mọ́lẹ̀ tó Júpítà. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì lọ́ra, ó ń lò tó ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kó tó yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Òrùka rẹ̀ tí gbogbo ayé ń sọ, awò ńlá ló ń fi í hàn. Máàsì, tí mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́sí, á dé ní 19 oṣù kejì 2027, yóò yọ pupa lápá ìlà oòrùn bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Júpítà náà kò ní jìnnà. Mẹ́kúrì lójú ń tì jù. Ìkúùkù mélòó kan ni kì í ju kúrò lára oòrùn. Ní àárín oṣù kẹfà, nígbà tí Àgùàlà àti Júpítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé tán, ẹ wá a nísàlẹ̀ wọn.

Òjò ni mò ń bẹ̀rù. Oṣù kẹfà, àwọsánmà lè bo gbogbo ohun tí mo sọ mọ́lẹ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ 9 nìkan. Alẹ́ tí òjò bá ti dá, tí afẹ́fẹ́ ti fọ̀, kò sí alẹ́ tó mọ́ tó o nínú ọdún. Ọyẹ́ burú ju òjò lọ lójú tèmi, eruku rẹ̀ ń sọ ìràwọ̀ di ohun àfẹnusọ. Àgùàlà àti Júpítà nìkan ló sábà ń bá wa fi ara da á.

Bí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́ òní, fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kùn.

Alága ti ń wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí oòrùn wọ̀. Ẹ gbé àga yín dání wá sórí pápá tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, kí ẹ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, kí ẹ pa tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Àgùàlà, kó má pariwo. Kó na ìka sí i fún ẹni tó dúró tì í.